Síìlì Ẹsẹ̀ Òsì

Bí ẹ bá dé Arkilla ní Sókótó tí ẹ ń béèrè Tàjúdíìn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, wọn yóò kàn máa wò yín ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè Baba Mai Katapila, ẹni tó ń sun ẹran létí títì á fi ọ̀bẹ rẹ̀ júwe ọ̀nà fún yín, á sì kìlọ̀ pé kí ẹ nu ọwọ́ yín kí ẹ tó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Tàjúdíìn ti fi ń tún katapílà kan ṣoṣo ṣe. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wá sí òkè Ọya fi iye ọdún bẹ́ẹ̀ kọ́lé, wọ́n fi lọ sí Mẹ́kà, àwọn mìíràn fi fẹ́ ìyàwó kún ìyàwó. Òun fi tirẹ̀ mọ ikọ́ katapílà. Ó mọ̀ ọ́n ju ikọ́ Rùkàyyàt ìyàwó rẹ̀ lọ. Rùkàyyàt náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì bá a jà sí i, nítorí pé katapílà kì í béèrè àgbò iléyá.

Hájíyà Kulu ló ni ẹ̀rọ náà. Ọkọ rẹ̀ ló rà á. Nígbà tí ọkọ náà ń kú lọ, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án àfi Taju. Ó sọ nǹkan mìíràn nípa ilẹ̀ àti ilé, àwọn ọmọ rẹ̀ ò sì tíì fẹnu kò lórí ìyẹn títí dòní. Ti Taju nìkan ló yé gbogbo wọn.

Katapílà yìí kì í fi táyà rìn. Ṣéènì irin méjì ló fi ń wọ́ kiri, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ohun tó ń yí ṣéènì wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, irin ràbàtà kan tó rí bí ìkòkò, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní fáìnà. Àwọn gíà wà nínú rẹ̀, wọ́n ń wẹ̀ nínú ọ́ìlì. Apá kan fáìnà dúró sójú kan, apá kejì ń yí, ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé ni síìlì wà: òrùka irin méjì tó kojú síra wọn, ojú wọn ń dán bíi dígí, tí rọ́bà sì ń ti ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ èkejì láti ẹ̀yìn. Iṣẹ́ wọn ò ju méjì lọ: kí ọ́ìlì má jáde, kí iyanrìn má wọlé. Ní Sókótó, ti iyanrìn yẹn gan-an niṣẹ́. Bó bá fi lè wọlé, kó tó pẹ́, eyín gíà á jẹ tán bí eyín arúgbó.

Òfin síìlì ò pọ̀. Òrùka irin, ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á lójú. Rọ́bà, ẹ má jẹ́ kó fojú kan òróró rárá. Rọ́bà tó bá rí òróró á máa yọ̀ níbi tó ti yẹ kó di irin mú, irin á fì sápá kan, ọ́ìlì á sì bá ẹ̀gbẹ́ sá jáde. Gbogbo ẹni tó ti bá Tàjúdíìn ṣiṣẹ́ ló ti gbọ́ ìwàásù yìí. Ó ti lé ọkùnrin kan tó ní ìyàwó méjì kúrò nídìí iṣẹ́ rí, nítorí pé ó jẹ ẹ̀pà kó tó bá a gbé rọ́bà.

Ọyẹ́ ọdún yìí wá le. Tàjúdíìn ti lé ní ọgọ́ta ọdún, awọ rẹ̀ ò sì bá ọyẹ́ ṣeré mọ́. Àlùwàlá ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́, atẹ́gùn gbígbẹ láti apá aṣálẹ̀, bẹntiróòlù tó fi ń fọ irin: kí oṣù Ṣẹ́rẹ́ tó dé ìdajì, ìka rẹ̀ ti sán bí ilẹ̀ àbàtà tí omi rẹ̀ gbẹ. Irú rẹ̀ ò ṣe é rí. Fathiat ọmọ wọn gbé òrí wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, odidi igbá kan, òrí funfun tí òórùn ilé wà lára rẹ̀. Lójoojúmọ́, bí wọ́n bá ti kírun òwúrọ̀ tán, Rùkàyyàt á jókòó tì í, á mú ọwọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa fi òrí pa á títí yóò fi wọ inú àwọn ibi tó sán. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí wọ́n ti di ara wọn lọ́wọ́ mú pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Tàjúdíìn ò sọ pé ó dùn mọ́ òun. Ó kàn ń tètè jí ni.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ló di síìlì tuntun sí ẹsẹ̀ òsì, torí pé ti àtijọ́ ti gbó. Ó fi àkísà nu ọwọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe. Nígbà tó di Ọjọ́rú, Ibraheem, ọmọ Ìlọrin tó ń wa katapílà náà, pè é lórí fóònù.

"Bàbá Fathiat, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹsẹ̀ òsì ń sunkún."

"Ẹsẹ̀ òsì wo?"

"Katapílà ò ní ju ọ̀kan lọ, sà."

"Èyí tí mo dì ní Jímọ̀?"

"Òun náà ni. Bóyá ó rántí èèyàn rẹ̀ kan tó kú."

Tàjúdíìn débẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ́ìlì ti ṣe ojú fáìnà ní dúdú, eruku ti lẹ̀ mọ́ ọn bí ìyẹ̀fun mọ́ ọwọ́ oníbúrẹ́dì. Wọ́n tú ṣéènì, wọ́n fi jáàkì gbé ẹ̀rọ, wọ́n tú fáìnà, iṣẹ́ ọjọ́ méjì gbáko. Ó di síìlì mìíràn sí i. Ìyẹn lo ọjọ́ mẹ́ta.

Hájíyà Kulu fúnra rẹ̀ wá sí sáìtì. Gọ́tà ńlá kan ni ẹ̀rọ náà ń gbẹ́ láàárín àwọn ilé tuntun ní Arkilla, ó sì ti dúró lágbedeméjì gọ́tà bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá ṣe. Hausa ni Hájíyà ń sọ, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí ẹni tó wá kíni kú àárẹ̀.

"Malam Taju, ẹ̀rọ mi ń tọ̀ sílẹ̀."

"Hájíyà, síìlì ni."

"Mo mọ̀ pé síìlì ni. Mi ò ní ká gbé e lọ síléèwòsàn." Ó wo inú gọ́tà. "Àwọn tó gbé iṣẹ́ yìí fún mi ń pè mí láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti nígbà tí mo bá ń jẹun. Tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá tún jò, màá ránṣẹ́ pe àwọn ará Kánò, ìwọ á sì gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ. Wallahi, kì í ṣe ìbínú. Olóògbé ní kí ẹlòmíràn má fọwọ́ kàn án. Kò ní kí n máa wò ó títí á fi kú."

Ẹni tí wọ́n bá gbé irú ọ̀rọ̀ yìí lé lórí, yóò wá ẹni tí yóò sọ ọ́ kalẹ̀ fún. Ní Àlàmísì, Tàjúdíìn wọ kẹ̀kẹ́ Nápẹ̀pù, ó di Kofar Doya, ní ṣọ́ọ̀bù Jọláyẹmí. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Jọláyẹmí, nínú gbogbo ìlú, òun nìkan ló ń ta irú síìlì yẹn. Ọkùnrin náà ń ta irin látàárọ̀ dalẹ́, èékánná rẹ̀ sì mọ́ bíi ti ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Kì í fi ìpara kankan kan ọwọ́ lọ́sàn-án, kó má baà kó àbàwọ́n bá páálí ọjà rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, ìbọ̀wọ́ òwú ló máa ń wọ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí Tàjúdíìn ti ń fi ìbọ̀wọ́ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́.

Àwọn mẹkáníìkì mẹ́ta láti Kasuwar Kara wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tó wọlé.

"Jọláyẹmí, ayédèrú lo tà fún mi. Ẹ̀ẹ̀mejì."

"Ẹ jókòó ná, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mi ò wá jókòó."

"Inú páálí kan náà ni èyí tí mo tà fún àwọn ará Gusau ti jáde. Tiwọn ò jò."

"Ìwọ tó ń wọ ìbọ̀wọ́ bí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ, kí lo mọ̀ nípa ohun tó ń jò?"

Àwọn mẹ́ta náà rẹ́rìn-ín. Jọláyẹmí ò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó lọ sẹ́yìn káńtà, ó gbé páálí kan wá.

"Èyí ló kù. Kò sí òmíràn ní Sókótó títí oṣù tó ń bọ̀. Ẹ máa mú un lọ, ẹ̀gbọ́n. Ẹ fi dán mi wò."

Kí ọjọ́ náà tó rọ̀, àwọn mẹ́ta tó gbọ́ ti di ọgbọ̀n. Ọ̀rọ̀ Baba Mai Katapila kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọjọ́ kejì, àwọn oníbàárà Jọláyẹmí ti ń gba òdìkejì títì kọjá, tí wọ́n ń wo ojú ọ̀run.

Síbẹ̀, ìyẹn ò mú kí Tàjúdíìn sùn dáadáa. Ní Àbámẹ́ta, nígbà tí Ibraheem lọ jẹun, ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ láti mọ̀ bí òun bá lè gbé e dé títì. Ó gbé e dé ìrù ẹ̀rọ, ó sọ̀ ọ́. Ó tún gbé e, ó rin ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án, ó sọ̀ ọ́. Ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, orí ló fi rù ú wá sídìí ẹ̀rọ yìí, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé irin a máa sanra. Ó jókòó lé e lórí. Ó ro Ògbómọ̀ṣọ́. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n mọ bàbá rẹ̀, wọ́n mọ ilé wọn, ṣùgbọ́n kò sí katapílà kankan níbẹ̀ tó mọ̀ ọ́n. Ẹni ọgọ́ta ọdún tó ń wá iṣẹ́ mẹkáníìkì, wọn yóò ní kó wá jókòó, wọn yóò fún un lómi, wọn yóò sì béèrè ọmọ rẹ̀ tó lè ṣiṣẹ́ náà.

Ó dá àpótí padà. Kó lè ní nǹkan tó ń ṣe, ó tẹ́ bébà funfun sórí tapólì, ó ní kí òun yẹ rọ́bà ìkẹyìn yìí wò, bóyá ó ní àléébù. Ó mú ọ̀kan nínú páálí, ó yí i wò, ó fi ọwọ́ kejì tẹ bébà kí atẹ́gùn má gbé e. Rọ́bà ò ní àléébù. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí bébà.

Ìka márùn-ún wà lára bébà náà. Kò dọ̀tí o. Ó kàn mọ́ gaara ni, bí ìwé tí wọ́n fi di àkàrà. Tàjúdíìn gbé e sókè, oòrùn sì gba ibi márààrún kọjá. Ó gbé e sí imú. Òórùn Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń gbọ́.

Ó wo rọ́bà, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó tún wo rọ́bà, bóyá rọ́bà á ní ọ̀rọ̀ mìíràn láti sọ. Àkísà tó fi ń nu ọwọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́, òkè awọ ló ń nù. Òrí tó wà nínú sísán ń dúró jẹ́ẹ́, ó ń retí kí ọwọ́ di rọ́bà mú. Ọkùnrin tó lé èèyàn lọ torí ẹ̀pà ti fọwọ́ ara rẹ̀ fi òrí pa síìlì méjì.

Ọjọ́ Àìkú ló fi wá ọ̀nà àbáyọ. Ó fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ ọwọ́, ó fi iyanrìn ha á, ó fi bẹntiróòlù ṣan án. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún tó fọ̀ ọ́, òrí lọ lóòótọ́, àwọn ojú sísán sì là sílẹ̀ bí ẹnu. Ó tẹ ìka mọ́ bébà mìíràn: ẹ̀jẹ̀ márùn-ún. Ó ra ìbọ̀wọ́ dókítà ní kẹ́míìsì, awọ líle etí sísán ya á kó tó wọ̀ ọ́ tán. Ó ra òmíràn, ìyẹn náà ya. Ó wo Ibraheem títí. Ṣùgbọ́n Ibraheem a máa fi ìpara kun ara láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ lásìkò ọyẹ́. Bí wọ́n bá gbé e sórí iná, wọ́n á rí nǹkan fi din dòdò.

Ó lè dákẹ́. Ó lè di síìlì kẹta bẹ́ẹ̀, kó jò, kó sì tún ní ayédèrú ni. Gbogbo ìlú á gbà á gbọ́, Jọláyẹmí á ti ṣọ́ọ̀bù, òun á sì gbé àpótí lọ pẹ̀lú orúkọ rere. Ó ro èyí fún ìgbà pípẹ́, ju bó ṣe yẹ kí ẹni tó ń kírun rò ó lọ. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé, bó ti wù kó yí i wò, ẹ̀rọ náà á ṣì máa jò.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó dé Kofar Doya. Jọláyẹmí nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń nu eruku lára páálí tó ti nù lánàá.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ó tún ti jò?"

"Mi ò tíì dì í."

"Ẹ gbé e padà wá ni?"

"Rárá. Ọwọ́ rẹ ni mo wá yá."

Ó tẹ́ bébà àkọ́kọ́ sórí káńtà. Jọláyẹmí wò ó, ó gbé e sí imú.

"Òrí?"

"Òrí."

"Ìyá Fathiat ló ń fi pa yín lọ́wọ́?"

"Má dárúkọ rẹ̀ sí i. Kò mọ ohun tí rọ́bà ń jẹ́."

Jọláyẹmí ká bébà náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, láti Àlàmísì, ẹnì kan ṣoṣo ló wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ń béèrè ọ̀nà."

"Mo mọ̀."

"Àwọn mẹ́ta ló wà níbí."

"Màá wá wọn rí ní Kara, lọ́kọ̀ọ̀kan. Màá sọ fún Hájíyà náà."

"Hájíyà ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún. Kí n gbọ́ ọ létí mi, kí n tó bọ́ ìbọ̀wọ́ ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ."

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Létí gọ́tà, Tàjúdíìn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ Hájíyà, Ibraheem wà lórí ẹ̀rọ, Jọláyẹmí wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú ẹ̀wù funfun.

"Hájíyà, síìlì ò jẹ̀bi. Ọ̀gbẹ́ni yìí ò ta ayédèrú. Òróró wà lọ́wọ́ mi."

Hájíyà Kulu yọjú láti fèrèsé ọkọ̀. "Ìwọ? Ìwọ tó lé èèyàn lọ torí ẹ̀pà?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀ẹ̀mejèèjì?"

"Ẹ̀ẹ̀mejèèjì."

Ó wo ọwọ́ Tàjúdíìn. "To, ó dáa. Ohun tí mo sọ ò yí padà. Bó bá jò, àpótí."

"Bó bá jò, ẹ ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì."

Jọláyẹmí tẹ́ páálí sílẹ̀ nídìí ẹsẹ̀ òsì tí wọ́n ti tú fáìnà rẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ lé e, ó fi sipíríìtì nu rọ́bà àti ọwọ́ ara rẹ̀, ó dúró kí wọ́n gbẹ. Tàjúdíìn jókòó tì í, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn kó má baà gbàgbé ara rẹ̀. Ibraheem ní ọlọ́pàá nìkan ló kù kó dé.

"Wo ìlà tó wà lára rọ́bà yẹn," ni Tàjúdíìn ń wí. "Ó gbọ́dọ̀ lọ yíká gbọọrọ. Bó bá lọ́, kò dáa."

"Ó lọ́."

"Yọ ọ́."

"Ó ti wọlé tán, ẹ̀gbọ́n."

"Yọ ọ́, Jọláyẹmí."

Ó yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Òógùn bọ́ lójú rẹ̀ nínú ọyẹ́. Ibraheem na àkísà sí i, Tàjúdíìn sì wo Ibraheem débi tó fi dá àkísà padà sápò.

"Má tì í bí ẹni ti ọkọ̀ tó kú. Tì í bí ẹni ti ilẹ̀kùn yàrá tí ọmọ ń sùn sí. Báyẹn. Tún tì í díẹ̀. Dúró."

Bó ṣe ń sọ ọ́, ìka rẹ̀ ń ṣe é lẹ́yìn rẹ̀. Ibraheem, tó wà lókè, ló rí i: ọwọ́ méjì tó ń ti rọ́bà tí kò sí níbẹ̀, tó ń yí òrùka tí kò sí níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ lára ìka kọ̀ọ̀kan. Kò fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ó ku kí wọ́n máa retí. Láràárọ̀, kí ẹ̀rọ tó dún, Tàjúdíìn á lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ òsì. Ọjọ́ kẹta kọjá. Ọjọ́ karùn-ún, tí síìlì àkọ́kọ́ kú lé lórí, kò fẹ́ẹ́ lè wò ó. Ó ní kí Ibraheem bá òun wò ó, kó tó parí ọ̀rọ̀ náà ó ti ń wò ó fúnra rẹ̀. Nílé, ó sọ fún Rùkàyyàt pé ọwọ́ òun ti san, kó fi òrí sílẹ̀. Rùkàyyàt wo ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ìrọ̀rí, ó ní kò burú.

Ọjọ́ kẹwàá, Hájíyà Kulu sọ̀kalẹ̀ sínú iyanrìn. Ó na ìka tó fi làálì ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ó fà á yíká ojú fáìnà. Ó wo ìka náà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Eruku fò lọ. Kò sí ohun tó dì í mú.

"Ó gbẹ," ló wí. "Ẹsẹ̀ ọ̀tún náà ti gbó, àbí?"

"Ó ti gbó, Hájíyà."

"Títí òjò á fi dé, ọlọ́wọ́ gbígbẹ yẹn ni kó máa dì í. Ìwọ á máa júwe. Ṣé o gbọ́?"

Tàjúdíìn ní òun gbọ́.

"Àpótí rẹ lè jókòó," ni Hájíyà wí, ó sì wọ ọkọ̀ rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó dé ilé, igbá òrí ò sí níbi tó máa ń wà.

"Ìyá Fathiat, òrí dà?"

"Òrí wo?"

"Èyí tí ọmọ rẹ gbé wá."

"Ṣé kì í ṣe òun ló fẹ́ lé yín kúrò níbi iṣẹ́?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo Arkilla ló sọ ọ́. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò sọ fún mi, Bàbá Fathiat."

Tàjúdíìn jókòó sórí ẹní, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó gbé wọn síbẹ̀ bí ẹrù tí wọ́n bá a gbé débẹ̀. Rùkàyyàt wò wọ́n. Ó wọ yàrá, ó gbé igbá jáde láti abẹ́ aṣọ rẹ̀ nínú àpótí.

"Lọ́la ńkọ́?"

"Lọ́la, ẹnu ni mo máa fi ṣiṣẹ́."

Ó jókòó tì í, ó sì mú ọwọ́ òsì kọ́kọ́.